Báwo ni a ṣe mọ̀? Ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an nínú ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ní yunifásítì

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ní yunifásítì, èsì méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kí ló tún kù láti kọ́ nínú ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ láti kékeré nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn mìíràn á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kí ó ṣọ́ra, nítorí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ a máa ba ìgbàgbọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ohun kan náà ló wà nínú èsì méjèèjì: wọ́n gbà pé ìgbàgbọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, yálà kí wọ́n gbé e ró tàbí kí wọ́n wó o. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtàn ni wọ́n ń kọ́ni, ìtàn sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà wádìí ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, òun náà ni pé: báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹni tí ìbéèrè yìí bá yé, ohun tí ó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lágara kò ní dà á láàmú púpọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí wọ́n jọra ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, tí a tún ń pè ní tíọ́lọ́jì, ń bèèrè ohun tí ó yẹ kí onígbàgbọ́ gbà gbọ́ àti ìdí tí ó fi yẹ kí ó gbà á gbọ́. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ń yẹ Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ wò: ta ló kọ ìwé yìí, èdè wo ló fi kọ ọ́, kí sì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí létí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ní tirẹ̀ ń tọ ipasẹ̀ àwọn ènìyàn: ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n jẹ́wọ́, ẹni tí wọ́n bá jiyàn, ìwé tí wọ́n dì mọ́ àyà àti èyí tí wọ́n sun níná. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan bí àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ń kọ́ tíọ́lọ́jì lè bèèrè bóyá òótọ́ ni, àti bí a ṣe lè sọ ọ́ kí ó má tàbùkù Ọlọ́run. Òpìtàn yóò bèèrè ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀ báyìí, ìlú tí àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò fara mọ́ ọn, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì kò sọ ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní di asán, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dípò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí náà ń pa á láwọ̀ dà. Ní ẹ̀ka ìtàn, àwọn onígbàgbọ́ jẹ́ ara àwùjọ, a ó sì kà wọ́n pọ̀ mọ́ ọba, ogun àti òwò. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn, a lè fi wọ́n wé àwọn ẹlẹ́sìn Júù, Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn tí wọ́n bá wọn gbé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà, ìtàn náà ń pèsè ẹni tí yóò darí ìjọ lọ́la. Kí ẹni tí ó fẹ́ wọlé wádìí èyí tí ó wà níwájú òun kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé orúkọ ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà kí iṣẹ́ inú rẹ̀ má bára mu.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu ń kọ́? Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ yọjú, mo sì gbà pé ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn. Òpìtàn a máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rí lè gbé. Ó lè fi ìdánilójú sọ pé ní àárín ọdún 50 sí 60, Pọ́ọ̀lù ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọ, pé ó ń sọ nínú wọn pé Jésù jíǹde, àti pé ó dárúkọ àwọn tí wọ́n sọ pé Jésù fara hàn wọ́n. Pé wọ́n gbà á gbọ́, tí àwọn kan sì fi ẹ̀mí wọn dí i, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn. Pé Ọlọ́run ló ṣe é, irinṣẹ́ tí òpìtàn mú dání kò lè wọn ìyẹn, kò lè jẹ́rìí sí i, kò sì lè sẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń retí pé kí olùkọ́ wí ohun kan ju èyí lọ, ohun tí kò sí lórí àtẹ ló fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan hàn yín, nítorí pé inú ìwé gidi ni ọ̀nà yìí ti ń hàn kedere. Ní nǹkan bí ọdún 112, gómìnà Róòmù kan tí ó ń jẹ́ Pliny ń ṣàkóso agbègbè Bitinia àti Pọ́ńtù, ní apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn Kristẹni níwájú rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó yẹ kó ṣe, ló bá kọ̀wé sí olú-ọba Trajan. Ó ní òun kò jókòó síbi tí wọ́n ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun a máa bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá Kristẹni ni wọ́n, òun a sì máa halẹ̀ ikú mọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n bá taku, òun a ní kí wọ́n lọ pa wọ́n, àyàfi àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílùú Róòmù, tí òun ní láti fi ránṣẹ́ sí Róòmù. Ní ti àwọn tí wọ́n sẹ́, òun ní kí wọ́n fi tùràrí àti wáìnì bọ ère olú-ọba, kí wọ́n sì bú Kristi. Àwọn kan sọ fún un pé àwọn ti kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kò ju pé àwọn máa ń pàdé ní ọjọ́ kan pàtó kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn a kọrin sí Kristi gẹ́gẹ́ bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run kan, àwọn a sì búra pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe panṣágà, àwọn kò ní yẹ àdéhùn, àwọn kò sì ní sẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi pa mọ́ sọ́wọ́ àwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú ká, wọ́n á sì tún pàdé láti jẹun, oúnjẹ lásán tí kò ní èèwọ̀ nínú. Kí Pliny lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ní kí wọ́n fìyà jẹ obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ẹrú, tí àwọn Kristẹni ń pè ní òjíṣẹ́ ìjọ. Trajan fèsì pé kí ó má ṣe wá wọn kiri. Bí wọ́n bá mú wọn wá tí ẹ̀sùn sì dá wọn lẹ́bi, kí ó jẹ wọ́n níyà. Ṣùgbọ́n kí ó má gba ìwé ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí òpìtàn ń ṣe pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kì í kà á bí ìròyìn lásán. Ó ń bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́: ọ̀tá ni, kò sì ní ìdí kankan láti gbé àwọn Kristẹni lárugẹ, nítorí náà nígbà tí ó sọ pé wọn kò hu ìwà ibi, ẹ̀rí rẹ̀ wúwo. Ó ń bèèrè ohun tí ó pa mọ́: Pliny kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé, kò sì kọ ọ̀rọ̀ orin wọn sílẹ̀. Ó ń bèèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde: láti ẹnu àwọn tí ẹ̀rù ń bà, àti láti ẹnu àwọn obìnrin méjì tí wọ́n wà nínú ìrora, tí orúkọ wọn kò tilẹ̀ hàn nínú ìwé náà. Ó tún ń kíyè sí ohun tí Pliny kò mọ̀ pé òun ń sọ fún wa, ìyẹn ni pé ní ọdún 112 àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní ipò nínú ìjọ, àti pé kò tí ì sí òfin kan pàtó tí gómìnà lè ṣí wò lórí ọ̀rọ̀ Kristẹni. Látinú lẹ́tà tí kò ju ojú ìwé méjì lọ ni gbogbo èyí ti jáde. Ìdí rèé tí àwọn olùkọ́ kì í fi í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ńlá kà tán lọ́sẹ̀ kìíní. Wọ́n á fún un ní ojú ìwé kan ṣoṣo, wọ́n á sì ní kí ó kà á títí yóò fi dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lẹ́tà yìí ló tún ń ṣàtúnṣe èrò kan tí ó gbilẹ̀, pé àwọn ará Róòmù fi gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ọdún lépa àwọn Kristẹni láìsinmi. Inúnibíni ṣẹlẹ̀, ó sì burú, ṣùgbọ́n ìgbà dé ìgbà ni, ibi kan yàtọ̀ sí ibòmíràn. Olú-ọba Nero fi ìyà jẹ wọ́n ní Róòmù lẹ́yìn iná ọdún 64. Ní ọdún 250, olú-ọba Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. A ṣì ní díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà lórí òrépèté tí wọ́n wú jáde nínú iyanrìn Íjíbítì, níbi tí ènìyàn ti kọ ọ́ pé òun ti ta wáìnì sílẹ̀, òun ti rúbọ, òun sì ti tọ́ ẹran ẹbọ wò lójú àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 303 ni olú-ọba Diocletian bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó le jù lọ. Láàárín àwọn ìgbà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ bí, wọ́n tọ́, wọ́n sì darúgbó láìrí ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ Constantine, olú-ọba Róòmù, ló sábà máa ń dojú rú jù. Àwọn ènìyàn gbà pé òun ló sọ ẹ̀sìn Kristẹni di ẹ̀sìn ìjọba, pé ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó pè ní ìlú Nísíà ni wọ́n ti yan àwọn ìwé inú Bíbélì, àti pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dìbò sọ Jésù di Ọlọ́run. Kò sí èyí tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí Constantine àti Licinius, olú-ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ní ọdún 313 ni pé wọ́n fún gbogbo ènìyàn lómìnira láti sin ẹni tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n sì dá ohun ìní àwọn Kristẹni padà. Ọdún 380, lábẹ́ olú-ọba Theodosius, ni òfin jáde tí ó sọ ìgbàgbọ́ Nísíà di èyí tí àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nígbà yẹn Constantine ti kú láti ọdún 337. Ní ti ìpàdé Nísíà ti ọdún 325, ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà kan láti Alẹkisáńdíríà, ló gbé àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ síbẹ̀. Arius ń kọ́ni pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Kì í ṣe pé Arius kò bọlá fún Jésù. Ìbéèrè wọn ni bóyá Ọmọ bá Baba dọ́gba láti ayérayé, tàbí pé Baba ló dá a ṣáájú ohun gbogbo. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n jíròrò lórí ọjọ́ tí wọn yóò máa ṣe ọdún Àjíǹde, wọ́n sì ṣe ogún òfin fún ìjọ. Kò sí ọ̀kan nínú ogún òfin náà tí ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé inú Bíbélì. Ìwé àtijọ́ jù lọ tí a ní lọ́wọ́ tí ó to àwọn ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun lẹ́sẹẹsẹ, láìlé láìdín, ni lẹ́tà ọdún Àjíǹde tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ ní ọdún 367. Àwọn ìjọ sì ti ń ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó kọ ọ́.

Constantine yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ kí Constantine tó ṣẹ́gun létí afárá Milvian ní ọdún 312? Lactantius, òǹkọ̀wé Kristẹni kan tí ó kọ ìwé tirẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sí ogun náà, sọ pé ojú àlá ni wọ́n ti ní kí ó ya àmì kan sára asà àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà, sọ nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn ikú Constantine pé àgbélébùú ìmọ́lẹ̀ ló yọ lójú ọ̀run lọ́sàn-án gangan, àti pé olú-ọba fúnra rẹ̀ ló búra fún òun pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n Eusebius yìí náà ti kọ ìtàn ìjọ ṣáájú, ó sọ̀rọ̀ ogun yẹn níbẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ìran kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ àròkọ rere kò gbọdọ̀ sáré pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Kí ó bèèrè ohun tí ó yí padà láàárín ìwé kìíní àti èkejì: bóyá Eusebius kò tí ì gbọ́ ọ nígbà náà, bóyá olú-ọba ti ń rántí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bóyá ìwé kejì jẹ́ oríkì ju ìtàn lọ. Kí ó sì sọ èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn jù àti bí ó ṣe dá a lójú tó.

Nǹkan kékeré kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ rú, ìyẹn kíka ọdún. Ọ̀rúndún kẹrin ni ọdún 301 títí dé 400, kì í ṣe àwọn ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4; nítorí náà ọ̀rúndún kẹrin ni ìpàdé Nísíà wà. Kò sì sí ọdún òdo. Ọkùnrin tí ó dá kíka ọdún láti ìbí Kristi sílẹ̀, Dionysius Exiguus, ṣe é ní ọdún 525, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ìṣirò rẹ̀ fi ọdún díẹ̀ yẹ̀, nítorí pé Hẹ́rọ́dù Ńlá, tí Mátíù ní ó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí Jésù, kú ní ọdún 4 ṣáájú sànmánì Kristi. Bí olùkọ́ bá sọ pé wọ́n bí Jésù ní nǹkan bí ọdún 6 sí 4 ṣáájú Kristi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdì. Àṣìṣe ìṣirò ẹnì kan láti ọ̀rúndún kẹfà ló fà á.

Lẹ́yìn Nísíà ni orúkọ àti ìpàdé máa ń pọ̀ débi pé akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú híhá orúkọ sórí. Ẹ wá ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ìpàdé Kalisédónì ti ọdún 451, ẹ̀gbẹ́ kan ń bẹ̀rù pé bí a kò bá sọ pé Kristi ní àdámọ́ méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn, jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ yóò rì sínú jíjẹ́ Ọlọ́run rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń bẹ̀rù pé bí a bá ti ka méjì, a ti pín Olùgbàlà kan ṣoṣo sí méjì nìyẹn. Àwọn méjèèjì fẹ́ dáàbò bo ìgbàlà. Ti ẹ̀gbẹ́ kìíní ni ìpàdé náà gbà. Ẹni tí ó bá rí èyí yóò mọ ìdí tí àwọn ìjọ Íjíbítì, Síríà, Àméníà àti Etiópíà kò fi bá àwọn tí wọ́n gba ìpinnu Kalisédónì ṣọ̀kan títí di òní, kò sì ní rò pé ìjà lórí ọ̀rọ̀ òfìfo ni.

Àwọn ìjọ wọ̀nyí ló mú mi dé orí ohun tí ó wù mí jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni rìn tààrà láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Róòmù, láti Róòmù lọ sí Yúróòpù, kí ó tó wá fi ọkọ̀ òkun dé ibi yòókù láyé. Ẹ mú owó ẹyọ Ezana, ọba Aksum ní Etiópíà, sí ọwọ́ kan. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rọ lábẹ́ rẹ̀, àmì òṣùpá àti àmì roboto kan ló wà lókè orí ọba. Lára àwọn tí wọ́n rọ lẹ́yìn náà, àgbélébùú ti gba ipò wọn. Ọ̀rúndún kẹrin nìyẹn, ní ìgbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rójú rayè ní Róòmù pàápàá. Ẹ wá lọ sí Xi'an ní Ṣáínà, níbi tí òkúta gàgàrà kan wà tí wọ́n gbé dúró ní ọdún 781. Èdè Ṣáínà ló pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n sì fi èdè Síríákì kún un. Ó ń sọ bí ọkùnrin kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Alopen ṣe mú ìwé mímọ́ dé olú-ìlú Ṣáínà ní ọdún 635. Ní ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀yà tí ń gbé ní àríwá Yúróòpù kò tí ì gbọ́ orúkọ Jésù rí. Tertullian àti Augustine, tí èrò wọn ró àwọn ìjọ ìwọ̀ oòrùn, ọmọ àríwá Áfíríkà làwọn méjèèjì. Bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ yín kò bá ní ààyè fún àwọn wọ̀nyí, ìdajì ìtàn ni wọ́n fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí a ń gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò, ìtàn ayédèrú ìwé kan sì fi èyí hàn ju àlàyé lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ìwé kan wà tí ó sọ pé Constantine fi àṣẹ lórí ìlú Róòmù àti gbogbo ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn lé Póòpù Sylvester lọ́wọ́. Àwọn póòpù kan fi í gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá ọba jà. Ní ọdún 1440, Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé èdè Látìnì, jókòó ti ìwé náà, ó ń gbọ́ èdè rẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn àjèjì. Ó rí i pé ìwé náà pe àwọn ìjòyè Róòmù ní "satrap", orúkọ oyè ilẹ̀ Páṣíà, tí ẹnikẹ́ni ní ààfin Constantine kò ní lò. Ó rí i pé ó dárúkọ Constantinople gẹ́gẹ́ bí ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà nígbà tí wọn kò tí ì tẹ ìlú náà dó. Látìnì inú rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti ìgbà náà. Àwọn òpìtàn lónìí gbà pé ọ̀rúndún kẹjọ ni wọ́n kọ ọ́, nǹkan bí irinwó ọdún lẹ́yìn ikú Constantine. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Àmọ́ iṣẹ́ kò tán síbẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí a bi Valla náà léèrè ọ̀rọ̀: abẹ́ Alfonso, ọba Aragon tí ó padà di ọba Naples, tí ó ń bá póòpù jà lórí ilẹ̀, ló ti ń jẹun. Ìyẹn kò sọ ẹ̀rí rẹ̀ di irọ́, ó kàn sọ ìdí tí ó fi kọ ọ́ ní ọdún yẹn ni.

Àwọn ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ náà a máa gba àtúnṣe. Wọ́n ní ọdún 1054 ni ìjọ ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn pínyà. Lóòótọ́, Humbert, aṣojú póòpù, gbé ìwé ìyọnilẹ́gbẹ́ sórí pẹpẹ Hagia Sophia, ìjọ ńlá Constantinople, ní oṣù keje ọdún náà, ṣùgbọ́n Póòpù Leo Kẹsàn-án tí ó rán an ti kú láti oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ti fọ́. Ohun tí ó dá ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ ni ọdún 1204, nígbà tí àwọn ajagun àgbélébùú láti ìwọ̀ oòrùn kó ìlú Constantinople lẹ́rù. Ọdún 1965 ni póòpù àti olórí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Constantinople tó fagi lé ìyọnilẹ́gbẹ́ náà. Bákan náà ni ti Martin Luther: ó dájú pé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1517 ó fi kókó 95 rẹ̀ ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, nítorí ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà. Pé ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ìjọ Wittenberg, ẹnu Melanchthon, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn káàkiri, Melanchthon kò sì tí ì dé ìlú náà ní ọdún yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí. Láti ibẹ̀ dé ìsọjí òpópónà Azusa ní Los Angeles ní ọdún 1906, tí William Seymour, ọmọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, darí, àti ìpàdé Vatican Kejì tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ṣe ní ọdún 1962 sí 1965, ìwé pọ̀ jaburata, ọ̀nà tí a ń gbà kà á kò sì yí padà.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìwé kíkà àti àròkọ kíkọ ló pọ̀ jù. Wọ́n á fún yín ní ìwé tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn kọ, wọ́n á sì fún yín ní èyí tí àwọn òpìtàn òde òní kọ lé e lórí. Ẹ má ṣe fi èkejì ṣáájú èkíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú yóò nílò èdè, Gíríìkì tàbí Látìnì ni wọ́n sì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àròkọ kì í bèèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́. Ó máa ń bèèrè ohun tí ẹ lè fi hàn.

Ṣé onígbàgbọ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kí ọkàn rẹ̀ má dá sí méjì? Mo ti jókòó ti ìwé Perpetua, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin bí ẹni ọdún 22 ni, ní Carthage ní àríwá Áfíríkà, ó ní ọmọ ọwọ́, wọ́n sì pa á nínú pápá ìṣeré ní ọdún 203. Apá tí ó tóbi nínú ìwé náà ni wọ́n sọ pé òun fúnra rẹ̀ kọ nínú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó sẹ́, ó nàka sí ìkòkò kan nílẹ̀, ó bi í bóyá orúkọ mìíràn wà tí ènìyàn lè pe ìkòkò. Bàbá ní kò sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè pe ara òun ní ohun mìíràn yàtọ̀ sí ohun tí òun jẹ́, Kristẹni. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó ń fún un lọ́mú, ó ní ẹ̀wọ̀n náà wá dà bí ààfin lójú òun. Ènìyàn lè sunkún níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì ní bá a wí. Lẹ́yìn tí ó bá nu ojú rẹ̀ tán, kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, nítorí pé ẹlòmíràn tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, òun ló sì kọ bí Perpetua ṣe kú. Ta ni onítọ̀hún? Kí ni ó fẹ́ kí àwọn tí ń kà á ṣe? Níbo ni ohùn rẹ̀ ti parí, níbo sì ni ohùn Perpetua ti bẹ̀rẹ̀?